Ọwọ́ Ìyá Daniel

Ẹ̀rọ tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù mi, tó wá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ oníbàárà, n kì í fojúure wò ó. Ó máa ń dà bí ọmọ tó ka ìwé rẹ̀ láìkọsẹ̀ nílé, tó wá yadi níwájú tíṣà. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni Daniel fi ránṣẹ́ láti Ìlú Ọba sí ṣọ́ọ̀ṣì ìyá rẹ̀ ní Ọ̀rányàn, èmi Ọláyínká ló sì ní kí n lọ bá wọn tò ó.

Ọ̀rẹ́ mi ni Daniel. Orí bẹ́ǹṣì kan náà la jọ jókòó sí nílé ẹ̀kọ́ gírámà. Bàbá mi jẹ́ tíṣà, ọmọ ìjọ Áńgílíkà pọ́ńbélé, tó gbà pé etí Ọlọ́run ò di, kò sídìí láti máa pariwo sí I. Ìyá Daniel ní tirẹ̀ ni Ìyá Ìjọ nínú ìjọ Aládùúrà kan nísàlẹ̀ Màpó, níbi tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń gbàdúrà lówùúrọ̀, ẹni tó wà lódìkejì títì yóò ṣe àmín. Èyí kò dí èmi àti Daniel lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó gba òkè òkun lọ, èmi náà ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà sí Bẹyẹrúnká.

Inú kòtò ni ṣọ́ọ̀ṣì náà wà, láàárín àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ tí ògiri wọn nípọn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í fẹ́ẹ́ débẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá ará òkè òkun sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì rí ojú ara wọn, àfi kó gun òkè Màpó lọ, ẹsẹ̀ Ìyá Daniel kò sì gba òkè mọ́. Ìdí nìyí tí Daniel fi ra kọ̀ǹpútà kékeré náà. Àpótí irin ni, kò ju Bíbélì ńlá orí àga ìwàásù lọ. Inú rẹ̀ gan-an ni mọ́dẹ́ẹ̀mù wà, síìmù wà nínú mọ́dẹ́ẹ̀mù, ihò éríàlì méjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo fa wáyà éríàlì gba inú àjà, mo gbé e sórí òpó gígùn kan lókè òrùlé, kí ó lè máa fojú kan òkè Màpó. Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, iṣẹ́ méjì la sì gbé lé e lọ́wọ́. Mọ́dẹ́ẹ̀mù ni yóò mú íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé. Fáyàwọ́ọ̀lù ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà bíi gáádì, kí gbogbo Ọ̀rányàn má baà rọ́ wọlé wá jẹ dátà ìjọ tán.

Títò rẹ̀ ò le, sùúrù ló gbà, bẹ́ẹ̀ sùúrù kọ́ ni Ọlọ́run fi jíǹkí mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Linux ò rí mọ́dẹ́ẹ̀mù rárá. Bí iná bá ti kọ́kọ́ dé sí mọ́dẹ́ẹ̀mù yẹn lára, ṣe ló máa ń díbọ́n, yóò máa pe ara rẹ̀ ní fláàṣì tí wọ́n fi ń kó orin. Mo wá àṣẹ tí yóò bọ́ agọ̀ lójú rẹ̀, mo fi í síbi tí yóò ti máa ṣe é fúnra rẹ̀ nígbàkúùgbà tí iná bá ti dé. Síìmù jẹ́ ìpè, mo tẹ orúkọ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí i, iná aláwọ̀ ewé tàn. Síbẹ̀, kò sí fóònù kan ṣoṣo tó rí íńtánẹ́ẹ̀tì nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já irun orí mi tu kí n tó rí i pé fáyàwọ́ọ̀lù ṣì gbà pé ojú ihò wáyà ni íńtánẹ́ẹ̀tì yóò gbà wọlé. Gáádì ń ṣọ́ iwájú, ẹ̀yìnkùlé làlejò ń bá wọlé. Mo yí òfin rẹ̀ padà sí orúkọ tí Linux fún mọ́dẹ́ẹ̀mù, gbogbo rẹ̀ sì lọ geere. Inú mi dùn débi pé mo ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni Rachel, ìyàwó Daniel, pè mí, tó sọ ohun tí ọkọ rẹ̀ ti ń fi pamọ́ fún mi. Ọkàn Daniel ń ṣe é. Ohun kan wà nínú ọkàn náà tó yẹ kó máa ṣí kó máa pa dé, tí kò pa dé dáadáa mọ́. Wọ́n máa ṣí i láyà, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ náà. Ohun tí Daniel bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ẹyọ kan lọ: kí ìyá òun àti ìjọ gbàdúrà fún òun lójúkojú láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n tó gbé òun wọlé.

Inú bí mi. Ènìyàn ń ṣàìsàn ọkàn, ó wá ń bá mi jiyàn lórí gígùn òpó éríàlì! Ìgbà tí mo bínú tán ni mo jókòó, tí mo sunkún.

Àsìkò yẹn gan-an ni mọ́dẹ́ẹ̀mù bẹ̀rẹ̀ wàhálà tirẹ̀. Lójoojúmọ́, nírọ̀lẹ́, àwọn ará ìjọ á kóra jọ sí yàrá ẹ̀yìn tí kọ̀ǹpútà wà. Tẹlifíṣọ̀n kan wà níbẹ̀ lórí tábìlì, ojú Daniel á yọ nínú rẹ̀, wọ́n á kí i, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Bí àdúrà bá ti ń gbóná, ojú Daniel á dúró gbagidi, ohùn rẹ̀ á já, iná aláwọ̀ ewé á kú. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí mọ́dẹ́ẹ̀mù tó tún pe nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà, bó bá sì ti padà dé, àdúrà míì á bẹ̀rẹ̀, á tún já.

Wòlíì Olúsànyà, olórí ìjọ, tó ń fi iṣẹ́ fọkanáísà jẹun láàárín ọ̀sẹ̀, pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Sister Yínká, ẹ má dára yín lẹ́bi. Ọ̀tá ló ń bá wa jà."

"Ọ̀tá wo ló ń bá mọ́dẹ́ẹ̀mù ṣọ̀tá, Bàbá?"

"Ẹ ò rí i pé tá a bá ń gbàdúrà nìkan ló ń já?"

Mo rí i. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Wọ́n wá fi kún àdúrà, bí wọ́n sì ti ń fi kún un ni mọ́dẹ́ẹ̀mù náà ń fi kún jíjá. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Bẹyẹrúnká, ó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí tí mo fi tilẹ̀kùn, kò já rárá. Mo gbé e padà sí Ọ̀rányàn, ó já kí wọ́n tó ṣe àmín ẹlẹ́ẹ̀kejì. Mo pààrọ̀ síìmù, mo pààrọ̀ wáyà éríàlì. Mo kọ àṣẹ kékeré kan tí yóò máa jí mọ́dẹ́ẹ̀mù bó bá ti sùn. Òun ń jí i, mọ́dẹ́ẹ̀mù ń sùn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà nínú ìjọ náà. Ẹ̀rọ omi kan wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fọ ẹsẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù. Èmi nìkan ni Wòlíì yọ̀ǹda fún láti máa wọ sílípáàsì rọ́bà nínú yàrá ẹ̀yìn, nítorí mo sọ fún un pé òfin iṣẹ́ wa ni: ẹni tó ń fọwọ́ kan ohun tó ń lo iná kì í fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀. Ó wo sílípáàsì náà títí, ó ní kó má ṣáà kọjá ẹnu ilẹ̀kùn ibi mímọ́.

Bí wọ́n bá sì ń gbàdúrà fún ènìyàn, wọ́n máa ń gbọ́wọ́ lé e lórí. Daniel ò sí nítòsí kí wọ́n rí orí rẹ̀ gbọ́wọ́ lé, àpótí irin náà ni wọ́n ń gbọ́wọ́ lé dípò rẹ̀. Ìyá ló máa ń ṣáájú, àwọn yòókù á tẹ̀lé e. Mo máa ń wò wọ́n láti kọ̀rọ̀, mo máa ń rẹ́rìn-ín sínú. Ìyá tilẹ̀ sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Yínká, tí mo bá ti gbọ́wọ́ lé e, tí mo dárúkọ Daniel, mo máa ń rí ìdáhùn. Á máa rìn mí lọ́wọ́ títí dé ìgúnpá. Mo ti sọ fún Daniel pé Olúwa ti dáhùn, ó ní ọ̀rọ̀ yẹn lòun fi ń rí oorun sùn." Mo ní, "Ẹ kú ìgbàgbọ́, mà." Mo kà á sí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí kì í ṣe iṣẹ́ mi.

Ọjọ́rú, lọ́sàn-án, ó ku ọ̀la, ìjọ ti pé jọ. Ojú Daniel yọ, ó ti rù. Ó pẹ́ tí èmi àti òun ti ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì ti ní ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ kan nílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó ṣáájú mi sọ̀rọ̀.

"Yínká, Màmá ńkọ́?"

"Mo wà níbí, Àjàgbé," Ìyá fi oríkì rẹ̀ dá a lóhùn.

"Màmá, ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀."

Láti ìgbà tí mo ti mọ Daniel, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ìyá kúnlẹ̀ ti àpótí náà. Ó yíjú sí mi. "Yínká, bọ́ bàtà rẹ, wá kúnlẹ̀ tì mí. Ìwọ náà gbọ́wọ́ lé e."

Mo fẹ́ sọ pé iṣẹ́ ni mo wá ṣe. Ṣùgbọ́n mo tún wo tẹlifíṣọ̀n, ojú ló sì ń rójú ṣàánú. Mo bọ́ sílípáàsì. Ilẹ̀ símẹ́ǹtì náà tutù, omi ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ṣì wà lórí rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ọwọ́ mi lé àpótí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ Ìyá.

Ó ta mí. Kò le, kò lè pa ènìyàn. Ó kàn ń rìn wọ́ìwọ́ì láti ọmọ ìka lọ sí ìgúnpá, bí ìgbà tí apá bá kú téèyàn sì ń padà nímọ̀lára rẹ̀. Lójú kan náà, ẹnu Daniel dúró ní líla nínú tẹlifíṣọ̀n, iná aláwọ̀ ewé sì kú.

Ìyá la ojú, ojú rẹ̀ ń dán. "O gbọ́ ọ, àbí o ò gbọ́ ọ? Ó dáhùn."

"Mo gbọ́ ọ, mà," ni mo wí.

Mo dúró títí tí gbogbo wọn fi jáde. Mo wọ sílípáàsì mi padà, mo fa tẹ́sítà yọ lápò, mo fi ẹnu rẹ̀ kan irin àpótí náà. Gílóòbù kékeré inú rẹ̀ pọ́n. Mo tú sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri wò. Ihò mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀, wáyà méjì péré ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó fa iná ṣọ́ọ̀ṣì náà láyé àtijọ́ kò fa wáyà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ilẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó wà. Ìyẹn ni pé ìwọ̀nba iná tó yẹ kó máa sá wọlẹ̀, ara irin ló jókòó sí, tó ń retí ẹni tó máa fẹsẹ̀ tútù wá. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbọ́wọ́ lé e, iná á gba ara rẹ̀ kọjá sínú ilẹ̀, mọ́dẹ́ẹ̀mù tó wà nínú irin kan náà á sì ta gìrì, á já. Èmi tí mo ń wọ rọ́bà, kò lè rí mi gbé ṣe. Bí wọ́n ti ń pọ̀ sí i, tí wọ́n ń gbọ́wọ́ lé e, ni ohùn Daniel ń já. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí tí omi fi yọ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ohun tí Ìyá ti ń sọ fún Daniel, ẹ̀rín náà sì pa mọ́ mi lẹ́nu.

Mo lọ sí Bẹẹrẹ lọ ra ọ̀pá bàbà àti wáyà aláwọ̀ ewé. Nínú takisí Máíkírà tó ń gbé mi bọ̀, èrò mi ni pé n ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. N óò so wáyà náà jẹ́ẹ́jẹ́, mọ́dẹ́ẹ̀mù ò ní já mọ́, àwọn á ní àdúrà ti borí, èmi á gba owó mi, á parí síbẹ̀. Ká tó dé Ọjà'ba ni mo rí àléébù èrò náà. Bí mo bá so ó láìsọ, Ìyá á gbọ́wọ́ lé e láàárọ̀ ọ̀la, ní ọjọ́ tí wọ́n máa la àyà ọmọ rẹ̀, kò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Yóò rò pé Ọlọ́run yíjú kúrò lára òun lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo bínú sí ọ̀rọ̀ náà, mo bínú sí Daniel, mo bínú sí ẹni tó fa iná. N ò rí ẹni tí mo lè ní kó bá mi sọ ọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀rányàn.

Iwájú ilé rẹ̀, tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo bá Ìyá, ó ń ká àwọn aṣọ àdúrà funfun tí wọ́n sá.

"Màmá, mo ti mọ ohun tó ń já ohùn Daniel."

"Ọlọ́run ṣeun! Kí ni?"

"Àwa ni, mà."

Mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé: ilẹ̀ tútù, ẹsẹ̀ lásán, irin, wáyà tí kò sí. Ó ń gbọ́, ó sì ń ká aṣọ lọ. Nígbà tí mo débi ọwọ́ tó ń rìn, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí aṣọ.

"Èyí tó ń rìn mí lọ́wọ́ yẹn…"

"Iná mànàmáná ni, mà. Ó ta èmi náà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹsẹ̀ tútù dúró níbẹ̀ ló máa ta, ì báà gbàdúrà, ì báà ṣépè."

Bí mo ti sọ ọ́ tán ni mo mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀. Ìyá wo ọwọ́ rẹ̀, ó yí i padà, ó wo àtẹ́lẹwọ́.

"Ọmọ yẹn ń fi í rí oorun sùn, Yínká."

"Mo mọ̀, mà. Òun ni ò jẹ́ kí n lè so wáyà yẹn láìsọ fún yín."

Ẹnì kan ń fọ ẹsẹ̀ níbi ẹ̀rọ omi, à ń gbọ́ ìró omi náà. Mo ń retí kó bú mi. Ó sàn kó bú mi.

"Tá a bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà ńkọ́?"

"Á máa ta yín lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ á sì máa já."

"Tó o bá so ó?"

"Ohùn rẹ̀ ò ní já mọ́. Ọwọ́ yín ò sì ní gbọ́ nǹkan kan mọ́."

Ó pa apá aṣọ náà méjèèjì pọ̀, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé orí àwọn yòókù.

"So ó," ni ó wí.

Mo gbẹ́ ihò sẹ́yìn yàrá náà, mo kan ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀, mo fa wáyà láti ara àpótí wá síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi wá èédú, iyọ̀ àti omi. Wòlíì fúnra rẹ̀ ló gbé wọn wá. Ìyá ti dé ẹnu ọ̀nà, ó fara ti ògiri.

"Omi àti iyọ̀?" ni ó wí. "Ìwọ ọmọ Áńgílíkà?"

"Kí ilẹ̀ lè gba iná dáadáa ni, mà. Gbogbo oníṣẹ́ iná ló ń lò ó."

"Àwa náà ń lò ó."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Wòlíì kò tí ì mọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín, ó kàn ń da omi sí i, ó ń sọ pé, "Ẹni bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù." Ìyá wá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó tẹ́tí sílẹ̀, ó gbé korobá sílẹ̀, ó ní, "Ìyẹn ni pé èmi ni ọ̀tá náà." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó padà sídìí táyà rẹ̀.

Mo fi tẹ́sítà kan irin àpótí, kò tan mọ́. Ìyá sún mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ lé e, ó di ojú. Mo ń wò ó. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ó ti dákẹ́," ni ó wí, ó sì lọ sílé.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìjọ kún yàrá náà, wọ́n kún ẹnu ọ̀nà. Kí n tó pe Daniel, Ìyá ní òun lọ́rọ̀ sọ. Ó sọ ọ́ ní ṣókí: ohun tó ń rìn wá lọ́wọ́, iná ni, Yínká ti so ó mọ́ ilẹ̀, ẹni tá a ń bá sọ̀rọ̀ kò sí nínú irin, ẹ jẹ́ ká máa bá A sọ̀rọ̀ lọ. Àwọn kan wo ọwọ́ wọn. Obìnrin kan mí kanlẹ̀. Mo tẹ ìpè.

Daniel ti wọ aṣọ ilé ìwòsàn, Rachel ló ń bá a gbé fóònù dání. Wọ́n gbàdúrà. Mo ti gbọ́ àdúrà wọn rí, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ náà yàtọ̀. Wọ́n gbọ́wọ́ lé àpótí náà bíi ti àtẹ̀yìnwá, ọwọ́ lórí ọwọ́, èmi sì tẹjú mọ́ iná aláwọ̀ ewé bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Kò ṣẹ́jú. Ohùn Daniel ń ṣe àmín láti ọ̀nà jíjìn, ó ń dé kedere. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín ìkẹyìn, ó pe ìyá rẹ̀.

"Màmá, ọwọ́ yín ńkọ́? Ṣé ó dáhùn lónìí?"

Mo wolẹ̀. Kí n sọ òótọ́, èmi tí mo lọ sọ òtítọ́ fún Ìyá lánàá, mo fẹ́ kí ó parọ́.

"Kò dáhùn, Àjàgbé," ni Ìyá wí. "Èyí tó ń dáhùn tẹ́lẹ̀, iná ló ń ta mí. Yínká ti so ó."

Daniel kò mira. Mo rò pé mọ́dẹ́ẹ̀mù ti tún já, mo ti ń na ọwọ́ sí kííbọ́ọ̀dù kí n tó rí i tó ṣẹ́jú.

"Kí ló wá kù, Màmá?"

"Láti ìgbà tá a ti bẹ̀rẹ̀, ṣé ohùn mi já létí rẹ?"

Ó rò ó. "Rárá o. Kò já."

"Tìrẹ náà ò já létí mi. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń rí àmì, n ò rí ọ gbọ́ tán. Lónìí, mo gbọ́ ọ tán. Èyí tí wọ́n fún mi nìyẹn, mo sì gbà á."

Daniel bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ di àyà mú. "Yínká, o ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Màmá mi."

"Ẹnu ẹ ṣì gbọ̀rọ̀," ni mo dá a lóhùn. "Máa lọ jàre, má jẹ́ kí wọ́n máa dúró dè ẹ́."

Àwọn nọ́ọ̀sì ti dé. Ìyá ní, "Àjàgbé, máa lọ, kó o padà wá bá mi." Ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Rachel ló pa fóònù, kì í ṣe mọ́dẹ́ẹ̀mù.

Kò sẹ́ni tó lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń pè mí, mo ní mo wà níbi iṣẹ́ pàtàkì, bẹ́ẹ̀ jíjókòó ni mo jókòó. Oòrùn rọlẹ̀ kí ìpè tó wọlé, tí ojú Rachel yọ. Ó ti sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ó ti jáde. Dókítà ní ó lọ dáadáa. Wọ́n ti yọ rọ́bà èémí tó wà lẹ́nu ẹ̀, oorun ló ń sùn."

Ariwo sọ. Ìyá gbé ọwọ́ sókè, ariwo náà wálẹ̀.

"Rachel, ìyàwó mi, gbé fóònù sún mọ́ ọn. Má sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Rachel gbé e sún mọ́ ọn. A kò rí nǹkan kan àyàfi funfun aṣọ ìbùsùn. A wá gbọ́ ọ, èémí, ó wọlé, ó jáde, ó tún wọlé. Gbogbo ìjọ tó ń pariwo yẹn dúró lórí ẹsẹ̀ lásán, Wòlíì fi ọwọ́ bo ẹnu, kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Ìyá gbé ọwọ́ lé àpótí irin náà. Kò gbàdúrà. Ó gbé e lé e bí wọ́n ṣe ń gbọ́wọ́ lé ẹ̀yìn ọmọ tó ń sùn.

Mo ti bọ́ sílípáàsì mi, n ò rántí ìgbà tí mo bọ́ ọ. Mo gbé ọwọ́ mi lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Irin náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí kọ̀ǹpútà tó ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣe máa ń rí, kò sì ta ẹnikẹ́ni. Daniel ń mí, kò já.